Kòkòrò Tó Jókòó Sórí Ahọ́n Kótè

Ìbéèrè: Ẹja yìnyín àti ẹja díndín ni mò ń tà ní Kúbwà níbí, l'Ábújá. Mo gbé páálí kótè kan wá láti ọjà ẹja Kàdó. Bí mo ṣe ń ṣí ẹnu ọ̀kan láti fọ̀ ọ́, mo rí nǹkan funfun kan nínú ẹnu rẹ̀, ó ní ojú dúdú méjì, ó sì kọjú síta bí ẹni tó ń wò mí. Mo yẹ ẹnu àwọn tó kù wò, mo tún bá a lẹ́nu àwọn mélòó kan. Alhaji tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ mi ní tsutsa ni, ìyẹn aràn lédè Haúsá, ó sì dá tiẹ̀ padà. Ìyá kan ní ọmọ ẹja ni, pé ẹnu ni ẹja fi ń gbé e. Ṣé kò ní pa èèyàn lára? Ṣé mo lè ta ìyókù? Orí kótè yìí náà ni ọkọ mi máa ń sè fún ẹja àrọ̀ tó ń sìn sínú tánkì lẹ́yìnkùlé wa. Ṣé kòkòrò yìí ò ní gba ibẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Kí ọkàn yín kọ́kọ́ balẹ̀ ná: ẹ lè ta ẹja yẹn, ẹ lè jẹ ẹ́, kòkòrò náà ò sì ní ṣe tánkì bàbá ní nǹkan kan. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún lè wà nínú páálí kótè lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tó ní ojú méjì yẹn. A máa dé ibẹ̀.

Ìyá tó ní ọmọ ẹja ni ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́, ẹja mìíràn ló kàn ń rò. Ẹpìyà ló ń fi ẹnu gbé ọmọ. Bí abo rẹ̀ bá yé tán, á ṣa ẹyin sẹ́nu, ibẹ̀ ni wọ́n á ti pa, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ á máa sá padà sí tí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Kótè ò mọ ìyẹn. Ojú agbami ló ń tú ẹyin tirẹ̀ sí, ó sì ti bá tiẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹ rí yẹn, ẹbí edé àti akàn ni. Ìdílé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cymothoidae ló ti wá, àwọn tí wọ́n sì sábà máa ń bá lẹ́nu kótè nínú ìdílé náà ń jẹ́ Ceratothoa. Láti inú òkun ló ti wà lẹ́nu ẹja. Bí àwọ̀n ṣe kó ẹja ló kó o, bí wọ́n ṣe di ẹja ní yìnyín ni wọ́n dì í mọ́ ọn, ó bá a wọ ọkọ̀ ojú omi, ó bá a wọ Èkó, ó sì bá a gun ọkọ̀ wá sí Kàdó. Kì í ṣe pé ọjà dọ̀tí, kì í sì í ṣe pé ẹja yín ti bàjẹ́.

Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ọ̀kan kí ẹ wò ó dáadáa, ó tó ohun tí èèyàn ń wò. Ẹ yí i padà kí ikùn rẹ̀ wà lókè. Ẹsẹ̀ méje ló wà lápá ọ̀tún, méje lápá òsì, èékánná orí ìkọ̀ọ̀kan sì tẹ̀ bí ìwọ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í yọ bọ̀rọ̀ bí a bá fà á. Ní àárín àwọn ẹsẹ̀ wọ̀nyí, ẹ ó rí àwọn awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gun ara wọn lórí. Àpò ọmọ nìyẹn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ṣí wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tó ń tọ́jú ọmọ lọ́wọ́ ni àwọ̀n kó ẹja, ẹ ó bá ẹyin kóróbótó níbẹ̀, tàbí kí ẹ bá ọmọ wẹ́wẹ́ tí ojú wọn ti dúdú, tí wọ́n há mọ́ra wọn láìsí àyè.

Abo nìyẹn. Ẹ wá ẹ̀yìn rẹ̀ wò, lápá etí ẹja, níbi pupa tó fi ń mí, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá èkejì tó kéré sí i gan-an. Ọkọ rẹ̀ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti ń yà mí lẹ́nu títí di òní ni pé abo yìí náà ti ṣe akọ rí. Akọ ni gbogbo wọn ń kọ́kọ́ dà. Ọmọ tó bá jáde nínú àpò ìyá rẹ̀ á máa lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú òkun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì pé nígbà náà, mẹ́fà-mẹ́fà ló ní, ìkeje ṣì ń bọ̀. Oúnjẹ tí ìyá fi sí i lára ò pọ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tètè rí ẹja kí agbára rẹ̀ tó tán. Tó bá rí i, á dì mọ́ ọn, á dàgbà di akọ. Tí kò bá bá abo kankan lẹ́nu ẹja yẹn, òun fúnra rẹ̀ á yí padà di abo, á wá máa dúró de akọ tó máa dé lẹ́yìn òun. Àmọ́ tí abo bá ti wà nílé, akọ ló máa wà. Ìgbà tí ìyàwó bá kú ni ipò tó ṣí sílẹ̀ fún un. Abo tó bá ti jókòó sẹ́nu ẹja kò tún mọ̀wẹ̀ mọ́. Ìdìmú nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wúlò fún, ibẹ̀ náà ló sì máa kú sí.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń mu. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú ẹbí náà ni Cymothoa exigua, tó ń gbé inú òkun láti apá ìwọ̀-oòrùn Mẹ́síkò títí dé Ecuador. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ ti fi àwòrán rẹ̀ hàn yín lórí fóònù. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ló fi ń gún ahọ́n ẹja tó fi ń fa ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ gbẹ. Díẹ̀díẹ̀ ahọ́n á rọ, á sì já, á wá ku kùkùté. Kòkòrò á di kùkùté yẹn mú, á jókòó síbi tí ahọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ní 1983, àwọn onímọ̀ méjì, Brusca àti Gilligan, kọ ọ́ jáde pé ẹja tó bá ti rí báyìí á bẹ̀rẹ̀ sí í fi kòkòrò náà ṣe ahọ́n: ara rẹ̀ ni ẹja á máa tẹ oúnjẹ mọ́ kí eyín òkè lè rí i gé. Nínú gbogbo àfòmọ́ tó ń gbé ara ẹranko, òun ni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó ba ẹ̀yà ara onílé jẹ́ tán tó tún wá ń bá a ṣe iṣẹ́ ẹ̀yà náà. Ti kótè yín ò fi bẹ́ẹ̀ le tó ìyẹn. Ẹ ṣáà wo ahọ́n ẹja tí ẹ yọ tirẹ̀ kúrò, kí ẹ fi wé ti ẹja tí kò ní in. Ẹ lè rí i pé ó ti tẹ́ tàbí pé ó kéré. Ẹja ńlá máa ń fara dà á, á kàn rù díẹ̀. Ọmọ ẹja ni kò lágbára rẹ̀. Ní Òkun Mẹditaréníà, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja sínú àwọ̀n láàárín òkun, ọmọ ẹja ni Ceratothoa oestroides máa ń pa fún wọn.

Ẹ má bá Alhaji jà, ìyá. Ẹni tó jù ú lọ ti ṣe irú àṣìṣe rẹ̀. Carl Linnaeus, ará Sweden tó gbé ètò kalẹ̀ lórí bí gbogbo ayé ṣe ń fún ẹranko àti igi lórúkọ, kọ ọ̀kan nínú ẹbí yìí sílẹ̀ ní 1767, àárín àwọn aràn ló sì tò ó sí. Lernaeocera branchialis là ń pe ìyẹn lónìí. Etí ẹja cod ló ń gbé, ẹja tí wọ́n ń gbẹ ní Norway tó ń di òkpòrókó lọ́dọ̀ wa. Kò sì sí ẹni tó máa rí i tó máa pè é ní ẹbí edé. Ara ẹja pẹlẹbẹ tó ń sùn sílẹ̀ òkun ló ti ń bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀; ibẹ̀ ni takọtabo ti ń gùn. Abo tó bá ti lóyún á fi ẹja pẹlẹbẹ sílẹ̀, á wá cod lọ, á gún ibi tó fi ń mí wọlé, á sì máa ti orí bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ títí tí orí náà á fi súnmọ́ ọkàn ẹja. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ tó kù síta á wú, á lọ́, á di àpò pupa kan tó kún fún ẹ̀jẹ̀, ẹyin á sì máa rọ̀ lára rẹ̀ bí òwú tó ta kókó. Kò sí ìrísí edé lára rẹ̀ mọ́ rárá.

Ọmọ rẹ̀ ló tú àṣírí. Ìgbà tí ẹyin yẹn bá pa, ohun tó ń jáde níbẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, àti ojú kan ṣoṣo láàárín orí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn edé òkun kan ń pa. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń mọ ẹbí àfòmọ́ tó ti bọ́ ìrísí ìdílé rẹ̀ sọnù.

Tí ẹ bá rò pé ìyẹn le, ẹ gbọ́ ti Sacculina carcini, ẹbí edé àti akàn lòun náà. Akàn aláwọ̀ ewé tó wà létí òkun Yúróòpù ló ń bá jà. Ọmọ abo rẹ̀ á bà lé akàn, á ti ara rẹ̀ bọ inú akàn náà ní ìṣù kékeré kan tí kò lẹ́sẹ̀ tí kò lórí, á sì fi ìyókù ara rẹ̀ sílẹ̀ síta bí aṣọ tí a bọ́. Inú lọ́hùn-ún ni ìṣù yẹn á ti máa ta gbòǹgbò. Gbòǹgbò á tàn káàkiri ara akàn, dé inú ẹsẹ̀, á máa fa oúnjẹ. Kò lẹ́nu, kò nífun. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Èyí ní gbòǹgbò, akàn nìkan ló sì bá tan. Nígbà tó bá yá, á ti àpò ẹyin rẹ̀ jáde lábẹ́ ikùn akàn, níbi tí akàn fúnra rẹ̀ ì bá gbé ẹyin sí. Akàn náà ò ní bímọ mọ́. Á máa fọ àpò yẹn, á máa fẹ́ omi sí i, á ṣe é lóore bí ẹni pé ọmọ tirẹ̀ ni. Tó bá wá jẹ́ akọ ni akàn náà ńkọ́? Ikùn rẹ̀ á fẹ̀ di ti abo, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ní tèmi, èyí burú ju gbígba ahọ́n ẹja lọ. Ó kàn jẹ́ pé kò ní ojú méjì tó lè fi wo èèyàn láti inú páálí ni kò fi gbajúmọ̀.

Àwọn kan kéré nínú wọn débi pé ojú lásán ò lè rí wọn. Stygotantulus stocki, tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní 1989, ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kan. Ẹbí edé mìíràn, tí òun náà ò ju eruku lọ, ló ń lẹ̀ mọ́. Lórí ẹja salmon tí wọ́n ń sìn ní Norway, ìbátan wọn tó ń jẹ́ Lepeophtheirus salmonis ló ń da àwọn olówó láàmú. Ìjọba ibẹ̀ ní, lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún, tí a bá ka ẹja mẹ́wàá, abo rẹ̀ tó ti dàgbà ò gbọ́dọ̀ ju márùn-ún lọ lórí gbogbo wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olóko gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe.

Ó yá, tánkì bàbá. Kòkòrò ẹnu kótè ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Yìnyín ti pa á, ẹ sì tún ń se orí ẹja náà. Ká tiẹ̀ ní ó wà láàyè, omi òkun ló mọ̀, èyí tí iyọ̀ inú lítà kan rẹ̀ ń lọ sí gíráàmù 35. Omi kànga Kúbwà ò lè gbà á. Ohun tí orí kótè lè ṣe fún tánkì ni kó da omi rú, nítorí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, èyí tí ẹja ò bá sì jẹ tán á jẹrà sínú omi. Kí bàbá máa fi díẹ̀díẹ̀ fún wọn.

Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń gbé omi tí kò níyọ̀ ni kí bàbá máa wò fún. Argulus àti Dolops tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n ń rìn lára ẹja, tí a bá gbé ẹja jáde sínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, a lè rí bí wọ́n ṣe ń sún. Lernaea ní tirẹ̀ ń ri orí mọ́ inú ẹran, ìrù rẹ̀ nìkan ló máa ń yọ síta bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ojú ibẹ̀ á sì pupa. Ẹja àrọ̀ tí kò ní ìpẹ́ ò rí ohun fi dáàbò bo ara rẹ̀. Inú ọmọ ẹja tuntun tí a rà ni wọ́n sábà máa ń gbà wọlé, nítorí náà kí bàbá ya àwọn tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó dà wọ́n mọ́ àwọn àgbà. Argulus kì í gbé ẹyin rẹ̀ kiri. Ara ògiri tánkì àti ara òkúta ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ wá rí i pé omi yíyí nìkan ò lè tán an. Tí ẹ bá kó ẹja tà tán, ẹ gbo ògiri tánkì dáadáa, kí ẹ fi oòrùn gbígbóná Ábújá yìí yan án fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó bu omi mìíràn sí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì da oògùn ẹ̀fọn sínú omi ẹja o. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é. Ẹ pe dókítà ẹranko.

Ẹ bi mí bóyá ó lè pa èèyàn lára. Àwọn ti ẹnu ẹja yìí ò lóró, wọn ò sì lè gbé ara èèyàn. Ẹni tí edé tàbí akàn máa ń yún lára nìkan ni kó má jẹ ẹ́, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan nínú ìdílé ńlá náà ń wọ ara èèyàn lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe inú òkun ló ti ń wá. Armillifer armillatus ni, inú ẹ̀dọ̀fóró erè àti ọ̀kà ló ń gbé, gígùn rẹ̀ àti oríkèé ara rẹ̀ sì mú kí gbogbo èèyàn pè é ní aràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àtọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ wò ní nǹkan bí 1972, àti DNA lẹ́yìn náà, ló fi hàn pé ìbátan Argulus ni, Argulus tí mo ní kí bàbá máa wò fún yẹn. Ẹni tó bá kun ejò láì fọwọ́, tàbí tó jẹ ẹ́ láìjinná, lè gbé ẹyin rẹ̀ mì. Ọmọ inú ẹyin náà á wá lọ ká jọ sínú ikùn tàbí ẹ̀dọ̀. Àwọn dókítà wa ti rí i lára èèyàn ní Nàìjíríà. Ẹ sọ fún àwọn tó ń jẹ ejò nínú oníbàárà yín.

Wàyí o, ohun tí mo ní ẹ bẹ̀rù. NEPA ni. Ara kótè àti Titus ní èròjà kan tó jẹ́ pé tí ẹja bá yọ́, tó sì gbóná fún wákàtí mélòó kan, kòkòrò àìfojúrí á sọ ọ́ di oró kan tí wọ́n ń pè ní hístámìnì. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, kó tó wákàtí kan nígbà míì, ojú á pupa, ara á máa yún un, orí á fọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ á máa ta á bí ẹni tó jẹ ata. Díndín ò pa á, sísè ò pa á, yíyan ò pa á, dídì í ní yìnyín padà náà ò pa á. Ẹja náà sì lè má rùn. Nítorí náà, tí iná bá lọ, ẹ má máa ṣí fìrísà. Ẹja tó bá ti rọ̀ àmọ́ tó ṣì tutù nini, ẹ dín in lọ́jọ́ yẹn. Èyí tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dà á nù. Mo mọ iye tí páálí kan ń lọ lọ́jà báyìí, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn aràn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń ká jọ sára ẹ̀dọ̀ àti ìfun kótè, Titus àti páńlá ni Anisakis. Tsutsa gidi ti Alhaji nìyẹn. Epo gbígbóná yín pa á pátápátá. Àwọn tó ń jẹ ẹja ní tútù láìsè ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn.

Tí ẹ bá ń ta ìyókù páálí náà, ẹ kàn ṣí ẹnu ẹja, ẹ yọ ọ́ lójú oníbàárà, kí ẹ sọ fún un pé ẹbí edé ni. Ẹ bá mi tọ́jú méjì nínú wọn, abo àti akọ tí ẹ bá rí i. Inú ìgò oníderí kékeré ni kí ẹ fi wọ́n sí, kí ẹ da sípírítì tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì bò wọ́n. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ páálí: orúkọ ìlú tó ti wá àti orúkọ ẹja lédè onímọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Trachurus, sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ méjèèjì sórí ìwé pélébé, kí ẹ jù ú sínú ìgò náà, nítorí sípírítì máa ń fọ yíǹkì bíròó. Tí ikùn abo bá wú, ẹ má tú àpò rẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ inú rẹ̀ wà bẹ́ẹ̀.